Kì í Ṣe Jíìnì Tí Mo Ń Wá Ni Mo Rí

Ìyá mi kì í jẹ ẹ̀wà lálẹ́. Láti kékeré ni mo ti mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ì báà ṣe gbẹ̀gìrì, ì báà ṣe mọ́ínmọ́ín, bí oòrùn bá ti wọ̀, á ní kí a gbé e kúrò níwájú òun, nítorí inú òun á kún, á sì máa kùn títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ẹ̀wà olóyin tó fẹ́ràn jù ló sì ń dà á láàmú jù. Nígbà tí mo dé yunifásítì, tí olùkọ́ kan ṣàlàyé ohun tó ń fà á fún wa, mo ti mọ ohun tí mo fẹ́ ṣe ìwádìí lé lórí kó tó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Lóṣù tó kọjá, akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láàbù wa fi jíìnì tó fẹ́ ṣiṣẹ́ lé lórí, ìyẹn ìlànà inú DNA tí ohun alààyè fi ń ṣe purotéènì kan, hàn mí lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Orúkọ ẹ́ńsáìmù (purotéènì tó ń kọ́ nǹkan tàbí tó ń tú nǹkan) tó ń wá wà lára rẹ̀ gbàgàdà, inú rẹ̀ sì ń dùn. Àyà mi já. Irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ló gba ọdún kan àbọ̀ lọ́wọ́ mi. Òun ni mo kọ́kọ́ sọ ìtàn yìí fún, ó sì ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ti ibi ṣúgà náà bẹ̀rẹ̀. Irú ṣúgà kan wà nínú èso ẹ̀wà tó ń jẹ́ raffinose, ó sì ní ẹ̀gbọ́n kan tó ń jẹ́ stachyose. Ìfun ọmọ ènìyàn kò ní ẹ́ńsáìmù tó lè tú wọn, ìyẹn alpha-galactosidase. Wọ́n á kọjá nínú ìfun kékeré láìdà, wọ́n á dé ìfun ńlá, àwọn bakitéríà ibẹ̀ á sì bò wọ́n. Ibẹ̀ ni gáàsì ti ń wá. Àwọn ìyá wa ti mọ ọ̀nà àtidín in kù tipẹ́: wọ́n á bọ ẹ̀wà lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á da omi rẹ̀ nù, kí wọ́n tó bu omi mìíràn sí i. Raffinose a máa yọ́ sínú omi, nítorí náà ẹni tó da omi àkọ́kọ́ nù ti da díẹ̀ nínú rẹ̀ nù.

Ẹ́ńsáìmù tó ń kọ́ ṣúgà yìí nínú èso ni wọ́n ń pè ní raffinose synthase. Ohun méjì ló ń lò: galactinol, àti sucrose, ìyẹn ṣúgà tí à ń dà sínú tíì. Á já ẹyọ galactose kan lára galactinol, á lẹ̀ ẹ́ mọ́ sucrose, ó ti di raffinose nìyẹn. Lọ́dún 2008, àwọn olùwádìí ní Amẹ́ríkà fi hàn pé oríṣi ẹ̀wà sóyà kan tó ń jẹ́ PI 200508 kò ní raffinose àti stachyose púpọ̀ nínú èso rẹ̀, ohun tó sì bá a tan ni pé lẹ́tà 3, nínú àwọn lẹ́tà tí wọ́n fi ń kọ DNA, sọnù nínú jíìnì ẹ́ńsáìmù yìí. Lẹ́tà 3 péré! Mo ka ìwé yẹn ní àkàtúnkà. Ohun tí mo fẹ́ ṣe kò ju kí n yọ jíìnì kan náà jáde nínú ẹ̀wà tiwa, kí n kà á nínú oríṣiríṣi ẹ̀wà, kí n wò ó bóyá irú àléébù bẹ́ẹ̀ ti wà níbì kan tí ẹnikẹ́ni ò tíì rí i.

Ẹnìkan lè ní ṣé wọn ò ti ka gbogbo DNA ẹ̀wà tán ni? Wọ́n ti kà á. Ọdún 2019 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde, ẹ̀wà tí wọ́n sì lò ni IT97K-499-35, èyí tí àwọn IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Ìbàdàn, ṣe. Ẹ̀wà ní kúrómósómù 22, ní méjì-méjì, jíìnì tí wọ́n sì kà sínú rẹ̀ sún mọ́ 30,000. Ṣùgbọ́n DNA oríṣi ẹ̀wà kan ni wọ́n kà, kọ̀ǹpútà ló sì sọ pé ibí ni jíìnì kan ti bẹ̀rẹ̀, ibí ló parí sí. Kọ̀ǹpútà náà ló sọ wọ́n lórúkọ. Bí jíìnì kan bá jọ èyí tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, orúkọ èyí tí wọ́n mọ̀ ni wọ́n á fún un. Mo mọ èyí. Wọ́n ti kọ́ mi ní kíláàsì, mo sì ti kọ ọ́ sínú ìwé ìdánwò. Síbẹ̀, nígbà tó kàn mí, mi ò rántí rẹ̀.

Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2021 ni mo wá inú àká dátà, ibi tí wọ́n kó àwọn jíìnì tí wọ́n ti kà sí. Jíìnì tó ń jẹ́ raffinose synthase níbẹ̀ ju ẹyọ kan lọ. Mo mú mẹ́ta, mo ṣe primer, ègé DNA kúkúrú tó ń tọ́ka sí ibi tí a ti máa ṣe ẹ̀dà jíìnì, fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo ní èyí tó bá ti ṣiṣẹ́ jù ni màá gbé lọ. Èrò mi ni pé mọ̀lẹ́bí kan ni gbogbo wọn, èyíkéyìí tí mo bá mú, raffinose náà ló máa ṣe.

Raffinose ń pọ̀ sí i nínú èso nígbà tí èso bá ń gbó, tó ń múra àtigbẹ. Nítorí náà, inú èso tó ń gbó ló yẹ kí n ti yọ RNA, torí RNA ló ń fi jíìnì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ hàn. Mo já àpò ẹ̀wà, mo tú èso rẹ̀, mo lọ̀ ọ́, mo da oògùn tí wọ́n ń tà fún yíyọ RNA sí i. Ohun tó jáde dà bí ẹ̀kọ ògì tó ti ń dì. Ó ń fà yọ̀ọ̀. Bí mo bá ki ẹnu pipette tí a fi ń fa omi bọ̀ ọ́, gbogbo rẹ̀ á tẹ̀ lé e gòkè pọ̀. Ítáàṣì àti àwọn ṣúgà gígùn inú ẹ̀wà ló bá RNA wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Lórí ẹ̀rọ tó ń wọn RNA, iye tí wọ́n ń pè ní 260/230, tó ń sọ bí RNA ṣe mọ́ tó, tó sì yẹ kó tó 2, kò ju 0.6 lọ. Lórí gẹ́ẹ̀lì, níbi tí RNA àti DNA ti ń tò ní ìwọ̀n gígùn wọn, dípò kí n rí ìlà méjì tó mọ́, èéfín ni mo rí láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Mo gbìyànjú ẹ̀ẹ̀mẹ́sàn-án. Mo ka iye rẹ̀ nítorí owó oògùn náà kò kéré, owó ara mi sì ni. Nígbà tó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí ọwọ́ ara mi. Ẹ́ńsáìmù tó ń jẹ RNA wà lára òógùn, ó wà lára awọ ara wa, bí a bá tiẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí túùbù tó ṣí sílẹ̀, ó lè bọ́ sí i. Gbígbé nǹkan sínú autoclave, ìkòkò ooru tí a fi ń pa kòkòrò, kò fi bẹ́ẹ̀ ràn án. Mo ń pààrọ̀ ìbọ̀wọ́ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá, mo fi nǹkan bo ẹnu, mi ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ tí mo bá wà nídìí rẹ̀. Ìbẹ̀rù yẹn dára, mi ò sì kábàámọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ kọ́ ni ìṣòro mi wà.

Ọjọ́ kan tó ti rẹ̀ mí, mo já ewé ẹ̀wà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ lórí igi tó wà nínú ìkòkò lẹ́yìn láàbù. Mo fi oògùn kan náà yọ RNA rẹ̀. Ó jáde bí ẹni ń fi ọwọ́ yọ irun kúrò nínú wàrà. Ìlà méjì, wọ́n mọ́ kedere. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Mo sọ fún ara mi pé jíìnì tó wà nínú èso ló wà nínú ewé, igi kan náà ṣáà ni. Òótọ́ ni tó bá jẹ́ DNA. RNA kọ́. Jíìnì tí ewé kò bá lò, ẹ ò lè bá RNA rẹ̀ nínú ewé. Èyí náà, mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Àárẹ̀ ló mú mi gbàgbé, bóyá mo tiẹ̀ fẹ́ gbàgbé.

Mo fi RNA ewé ṣe cDNA, ìyẹn ẹ̀dà RNA tí a kọ ní DNA, mo fi primer mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dán an wò. Méjì kò mú nǹkan kan wá. Ẹ̀kẹta tàn yòò lórí gẹ́ẹ̀lì, ní ìwọ̀n tó yẹ kó jẹ́ gan-an, lẹ́tà tó lé ní 2,000. Mo ya fọ́tò rẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí alábòójútó mi ní agogo mọ́kànlá alẹ́. Mo kọ ọ́ sínú ìwé iṣẹ́ mi pé: “Mo ti rí i.”

Ohun tó yẹ kí n bi ara mi lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni pé, kí ni ẹ́ńsáìmù tó ń kó ṣúgà pamọ́ fún èso ń wá nínú ewé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ? Ìbéèrè yẹn ìbá gbà mí. Mi ò bi í.

Gbogbo ohun tí mo ṣe lẹ́yìn ìyẹn ló le, ló sì gba àkókò. Nítorí pé ó le, mo rò pé mo ń lọ síwájú. Màá mẹ́nu kan díẹ̀, torí ó lè wúlò fún ẹlòmíràn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé jíìnì tí kì í ṣe tèmi ni mo ń ṣe é fún.

Mo lo polymerase (ẹ́ńsáìmù tó ń ṣe ẹ̀dà DNA) tó ń tún àṣìṣe ara rẹ̀ ṣe, ìyẹn sì dára, nítorí Taq, polymerase lásán, máa ń ṣi lẹ́tà kọ, nínú jíìnì tó gùn tó báyìí ẹ lè bá àṣìṣe tó ju ẹyọ kan lọ. Ṣùgbọ́n irú polymerase yẹn kì í fi lẹ́tà A kan ṣoṣo sílẹ̀ ní ìparí DNA, plasmid tí mo sì rà, ìyẹn òrùka DNA tó ń gbé jíìnì wọ inú bakitéríà, A yẹn ló ń dì mú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń wo abọ́ tí kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀ ju àmì búlúù lọ, nígbà tó jẹ́ pé àmì funfun ló ń sọ pé bakitéríà ti gba jíìnì. Ojútùú rẹ̀ kò gba ìdajì wákàtí: ẹ fọ DNA náà, ẹ fi Taq díẹ̀ àti dATP, tó ń fún un ní lẹ́tà A, sí i, ẹ gbé e sí dígírì 72 fún 20 ìṣẹ́jú. Nígbà tí mo sì fi í ránṣẹ́ sókè òkun kí wọ́n lọ ka lẹ́tà rẹ̀, mi ò rántí pé kíkà kan kì í ju lẹ́tà 700 sí 900 lọ. Wọ́n ka ọwọ́ iwájú, wọ́n ka ọwọ́ ẹ̀yìn, àárín kò sí. Mo tún ṣe primer tó wọ àárín, mo tún san owó, mo tún dúró. Ẹni tí jíìnì rẹ̀ bá lé ní 1,500, kó ti ṣe primer àárín sílẹ̀ kó tó fi nǹkan kan ránṣẹ́.

Ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ yunifásítì lọ́dún 2022 bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kejì, ó sì gba oṣù 8. Nínú oṣù wọ̀nyẹn, fírísà ló jẹ mí lógún. Bí iná bá lọ, ẹni tó bá wà nítòsí ló ń lọ tan jẹnẹrétọ̀, àwa akẹ́kọ̀ọ́ la sì ń dá owó epo. Ní òru ọjọ́ kan, kò sẹ́ni tó wà nítòsí. RNA tó wà níbẹ̀ bàjẹ́ pátápátá, ti èmi àti ti àwọn mẹ́ta mìíràn. Plasmid kò ṣe nǹkan kan, DNA le ju RNA lọ. Láti ìgbà yẹn, ohunkóhun tí mo bá yọ jáde, ọjọ́ náà ni mo ń sọ ọ́ di cDNA. Mi ò fi RNA sùn mọ́jú mọ́.

Nígbà tí a padà, mo fi jíìnì náà sínú bakitéríà E. coli kó lè ṣe purotéènì rẹ̀ fún mi. Ní dígírì 37, gbogbo purotéènì ṣùjọ, ó di gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tí kò wúlò. Mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí dígírì 18, mo fi í sílẹ̀ mọ́jú, díẹ̀ wá yọ́ sínú omi. Mo pò ó mọ́ galactinol àti sucrose. Mo kán an sórí àwo TLC, níbi tí ṣúgà kọ̀ọ̀kan ti ń rìn dé ibi tirẹ̀, kí n wò ó bóyá raffinose á yọ.

Kò yọ.

Mo pààrọ̀ omi iyọ̀. Mo pààrọ̀ pH. Mo fi purotéènì kún un, mo fi wákàtí kún un. Galactinol wọ́n ju wúrà lọ lójú mi nígbà yẹn, mílígírámù ni wọ́n fi ń tà á, mo sì ń rí i tó ń tán lọ nínú túùbù. Oṣù mẹ́ta kọjá bẹ́ẹ̀. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bi mí níbi tí iṣẹ́ dé mọ́. Bí mo bá gbọ́ ohùn alábòójútó mi lọ́dẹ̀dẹ̀, mo máa ń gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn jáde. Mo dá ara mi lẹ́jọ́ pé ọwọ́ mi kò mọ́ iṣẹ́, pé ẹlòmíràn tó mọ̀ ọ́n ṣe ìbá ti rí i tipẹ́. Kò wá sí mi lọ́kàn rí pé ọwọ́ mi lè mọ́, kó jẹ́ pé nǹkan tí mo gbé lọ́wọ́ ni kò rí bí mo ṣe rò.

Ẹ̀gbọ́n kan wà ní láàbù kejì tó ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀gẹ́. Oṣù kẹta ọdún 2023, ó wá yá ìwọ̀n lọ́dọ̀ mi, ó bá mi níbi tí mo ti ń wo àwo náà.

“Àbúrò, kí ló ń bí ọ nínú tó báyìí?”

Mo ṣàlàyé fún un. Ó wò ó títí.

“Ta ló sọ fún ọ pé ó ń kọ́ ọ?”

“Orúkọ rẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n. Ó wà nínú àká dátà.”

“Mo gbọ́. Mo ní ta ló dán an wò?”

Mi ò lè dáhùn. Ó ní raffinose tó wà nínú ìgò fún ìfiwéra lórí àwo, ṣé mo ti fi fún purotéènì yìí rí? Mo ní rárá, kí ni màá fi fún un fún, òun ló ṣáà yẹ kó ṣe é. Ó ní kí n fi fún un. “Ó lè jẹ́ pé atúlé ni, kì í ṣe akọ́lé.”

Mo fi raffinose sí i lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo fi sí ti bakitéríà tó gba plasmid òfìfo, èyí tí kò ní jíìnì mi, pẹ̀lú, nítorí E. coli fúnra rẹ̀ ní jíìnì alpha-galactosidase, ẹni tí kò bá ṣe òfìfo lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lè fi iṣẹ́ bakitéríà ṣe iṣẹ́ ẹ̀wà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo wọ́n oògùn sí àwo náà, mo gbé e sórí iná kí àmì ṣúgà lè hàn. Ní ọ̀nà òfìfo, raffinose wà níbi tó wà. Ní ọ̀nà tèmi, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Sucrose ló wà níbẹ̀, galactose sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Mo jáde, mo jókòó sórí àtẹ̀gùn. Ọdún kan àbọ̀ ni mo fi ń bẹ ẹ́ńsáìmù kan pé kó kọ́ ohun tí a dá a pé kó máa tú.

Ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni mo ṣe ohun tó yẹ kí n ṣe ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Mo pa àwọn orúkọ tì. Mo wá àwọn jíìnì tí ẹnìkan ti dán iṣẹ́ wọn wò ní láàbù, àwọn yẹn nìkan: raffinose synthase ti ẹ̀wà pea, tí wọ́n ti yọ tí wọ́n sì ti dán wò, àti àwọn ti Arabidopsis, koríko kékeré tí àwọn onímọ̀ ohun ọ̀gbìn fi ń kọ́ṣẹ́. Ti Arabidopsis yìí ló ṣí mi lójú jù. Jíìnì 6 ni wọ́n sọ ní RS1 títí dé RS6 níbẹ̀, bí ẹni pé raffinose synthase ni gbogbo wọn. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò, RS4 jẹ́ ẹ̀yà tó ń ṣe stachyose, RS5 ló ń kọ́ raffinose lóòótọ́, èyí tí wọ́n sì ń pè ní RS2, tí orúkọ rẹ̀ kejì ń jẹ́ SIP2, ṣe ló ń tú raffinose. Mọ̀lẹ́bí kan ni wọ́n, ojú wọn jọra débi pé kọ̀ǹpútà ń fi orúkọ ọ̀kan pe èkejì títí dòní. Mo fi jíìnì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tèmi sáàárín wọn, mo yà wọ́n sí ẹ̀ka bí ìgbà tí a bá ń ya ìdílé. Èyí tí mo ti fi ayé mi ṣe jókòó ti SIP2 pẹ́kípẹ́kí. Ọ̀kan nínú àwọn méjì tí kò tàn nínú ewé ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ raffinose synthase ti ẹ̀wà pea.

Iṣẹ́ ọ̀sán kan ni. Kò ná mi ní kọ́bọ̀.

Ó gba ọjọ́ mẹ́rin kí n tó lè sọ fún alábòójútó mi. Mo ti múra ohun tí màá sọ, mo ti kọ ọ́ sínú ìwé. Nígbà tí mo dé iwájú wọn, mo kàn gbé àwo TLC fún wọn, mo sì ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú.” Wọ́n wò ó, wọ́n yí i padà, wọ́n ní ta ló kọ́kọ́ rí i. Mo ní èmi ni, pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n tó fọ̀nà hàn mí. Wọ́n ní, “Ìwọ lo rí i, kì í ṣe olùdánwò láti ìta. Lọ gbin ẹ̀wà.”

Mo gbin ẹ̀wà. Lọ́tẹ̀ yìí, mo gbà pé inú èso ni mo ní láti wọ̀, kò sí ọ̀nà àbùjá. Bí ọjọ́ 40 sí 45 lẹ́yìn tí a gbìn ín ni òdòdó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Òdòdó ẹ̀wà kì í pẹ́, á ṣí ní ìdájí, kí ọ̀sán tó pọ́n á ti pa dé. Nítorí náà, agogo mẹ́fà àárọ̀ ni mo ń wà nínú ilé àwọ̀n, tí mò ń so òwú mọ́ ìdí òdòdó: pupa fún ọjọ́ Ajé, funfun fún ọjọ́ Ìṣẹ́gun, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Tẹ́lẹ̀, ojú ni mo fi ń wo àpò èso tí mo bá fẹ́ já, mo ń kó ọjọ́ 8 àti ọjọ́ 16 pọ̀ mọ́ra láìmọ̀. Òwú yìí ló jẹ́ kí n mọ ọjọ́ orí èso kọ̀ọ̀kan. Mo kó ti ọjọ́ 10, ti ọjọ́ 14 àti ti ọjọ́ 18.

Nitrogen olómi, tó ń mú èso dì lójú ẹsẹ̀ kí RNA má bàjẹ́, kì í wà nígbà gbogbo ní ibi tí a wà. Mo kọ́ bí a ṣe ń po omi tó ń dáàbò bo RNA fúnra wa: ammonium sulphate tó pọ̀ gan-an, EDTA àti sodium citrate díẹ̀, pH 5.2. Ṣùgbọ́n kì í tètè wọ inú èso ẹ̀wà, ẹ gbọ́dọ̀ gé e wẹ́wẹ́ kí ẹ tó jù ú sí i.

Síbẹ̀, RNA tó ń jáde ṣì ń pọ́n, bí omi tí a fi ṣan ẹ̀wà. Bàbá tó ń tọ́jú ẹ̀rọ láàbù wa, tí ìyàwó wọn ń dín àkàrà, dúró lẹ́yìn mi níjọ́ kan tí mo ń lọ ẹ̀wà.

“O ò bó o kí o tó lọ̀ ọ́ ni?”

“Rárá, Bàbá. RNA ni mo fẹ́ yọ, kì í ṣe àkàrà.”

“Àwọ̀ wo ló ń jáde lára rẹ̀ yẹn?”

Mo dákẹ́. Èèpo ẹ̀wà olóyin, tó pọ́n rúsúrúsú yẹn, tannin ló wà nínú rẹ̀, tannin sì ni irú ohun tó ń lẹ̀ mọ́ RNA tó sì ń bà á jẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹ́sàn-án tí mo fi kùnà lọ́dún 2021, pẹ̀lú èèpo ni gbogbo rẹ̀. Mo sì ti bó ẹ̀wà fún ìyá mi láti ìgbà tí mo wà lọ́mọ ọdún méje. Láti ọjọ́ yẹn, mo ń fi ọwọ́ bó èso kọ̀ọ̀kan lórí yìnyín kí n tó lọ̀ ọ́.

Ọ̀nà tí mo wá ń lò nìyí, ẹ lè gbà á lọ. Mi ò lo oògùn ọlọ́jà mọ́. Mo ń lo CTAB, irú ọṣẹ kan, tó ti gbóná dé dígírì 65, pẹ̀lú PVP àti beta-mercaptoethanol, torí àwọn méjèèjì ń bá wa gbá èérí èèpo tó bá kù mú. Èso tí mo ń lò kò ju mílígírámù 50 sí 100 lọ, torí ẹni tó bá fi púpọ̀ sí i, ítáàṣì ló fi kún. Mo ń fi chloroform fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, kò tó lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà ni lithium chloride, irú iyọ̀ kan, tí màá fi sí i títí kíki rẹ̀ nínú omi yóò fi tó 2 M, màá sì gbé e sínú fíríìjì mọ́jú. RNA á rọ̀ wálẹ̀, ọ̀pọ̀ ṣúgà gígùn àti DNA á wà lókè nínú omi. Mo ń fi DNase, tó ń jẹ DNA tó bá kù, kàn án lẹ́yìn rẹ̀, mo sì ń ṣe túùbù kan tí mi ò fi reverse transcriptase, ẹ́ńsáìmù tó ń sọ RNA di cDNA, sí. Bí túùbù yẹn bá tàn lórí gẹ́ẹ̀lì, DNA ni mò ń wò, mi ò tíì rí RNA. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣe é báyìí, 260/230 mi fò láti 0.6 sí 1.9.

Primer tí kò mú nǹkan kan wá nínú ewé lọ́dún 2021 tàn nínú èso ọjọ́ 18. Ó hàn fírífírí ní ọjọ́ 14, kò sí ní ọjọ́ 10, kò sì sí nínú ewé rárá. Kí n tó gbé e lọ ibì kankan, mo ti wo ẹ̀ka tó wà, mo ti wo ọjọ́ tó ń ṣiṣẹ́, mo ti wo ibi tó ti ń ṣiṣẹ́, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì ń sọ ohun kan náà. Oṣù mẹ́rin ló gbà mí láti ibẹ̀ dé orí àwo TLC. Galactinol tó kù nínú túùbù tó mi lò lẹ́ẹ̀kan péré. Raffinose yọ.

Iṣẹ́ tí mo bá wá gan-an ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni. Mò ń ka jíìnì yìí nínú oríṣi ẹ̀wà kọ̀ọ̀kan, mi ò sì tíì rí èyí tí lẹ́tà rẹ̀ sọnù bíi ti ẹ̀wà sóyà. Mi ò kánjú. Èso nílò raffinose náà, òun ló ń jẹ nígbà tó bá ń hù, òun ló sì ń dáàbò bò ó nígbà tó bá ń gbẹ. Ẹ̀wà tí kò ní fún wa ní gáàsì, tí kò sì ní hù fún àgbẹ̀, kò sí ẹni tó máa gbìn ín.

Jíìnì àkọ́kọ́, mi ò dà á nù. Bí ẹ̀wà bá ń hù, raffinose inú rẹ̀ ló máa ń tètè lọ, àwọn ẹ́ńsáìmù atúlé ló sì ń ṣe é. Akẹ́kọ̀ọ́ tó fi kọ̀ǹpútà hàn mí lóṣù tó kọjá ti ní òun fẹ́ gbà á, kí òun wò ó bóyá ó wà lára àwọn tó ń jí nígbà tí a bá rẹ ẹ̀wà sómi. Kí n tó gbé túùbù náà fún un, mo pa orúkọ tó wà lára rẹ̀ láti ọdún 2021 rẹ́. Mo kọ ohun tí a rí i tó ń ṣe sí i, mo sì kọ déètì ọjọ́ tí a rí i.